Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí òjò dídì ti bo Viljandi
tí òrùlé àti ilẹ̀ kò yàtọ̀ síra mọ́,
èmi àti Leida wọ sinimá kékeré ẹ̀yìn ọjà,
a san owó àgbàlagbà, a jókòó ní ìlà kẹta
nítorí ojú Leida ti ń ṣú.

Àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà ni, tó ń rìn, tó ń mí:
pẹ́pẹ́yẹ kan, àti bàtà ẹsẹ̀ òsì kan.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n.
Adágún ti dì, àwọn pẹ́pẹ́yẹ yòókù ti fò lọ,
èyí ò lọ.
Ó fẹnu fa okùn bàtà náà, okùn pupa gbọọrọ,
ó ń wọ́ ọ lórí omi dídì;
bó bá rẹ̀ ẹ́, a kó sínú bàtà, a sùn.
Bàtà ò sọ̀rọ̀ rí. Kò tilẹ̀ mira.
Síbẹ̀ ẹ ó mọ ìgbà tí inú rẹ̀ dùn.

Iná tàn. Tíṣà Ilmar dìde níwájú,
ó nu awò ojú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ka ìwé ogún.
Ó ní adágún yẹn, ìgbàgbé ni.
Ó ní bàtà òfìfo, òkú ni.
Ó ní okùn pupa ni ẹ̀jẹ̀ tó so ẹni tó lọ mọ́ ẹni tó kù,
ẹni tí kò bá sì rí i, eré ọmọdé ló wá wò.
Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀.
Leida fi ìgúnpá tọ́ mi:
"Helve, ṣé pupa ni okùn yẹn?
Àwọ̀ eérú ni mo rí."

Ẹ gbọ́, Tíṣà. N ò bá yín jà,
a kì í bá ọ̀mọ̀wé jà nínú òtútù.
Ṣùgbọ́n obìnrin tí kò rí pupa yìí
ló sunkún jù nínú gbogbo wa,
ibi tó sì ti sunkún, ẹ ò dárúkọ rẹ̀:
ibi tí pẹ́pẹ́yẹ ti dúró
tó gbọn òjò dídì kúrò lára bàtà
kó tó gbọn tara rẹ̀.
Kí ni ìyẹn dúró fún?
Òjò dídì wà lára bàtà. Ó tán.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ẹni tó yàwòrán sọ fún wa,
ẹ wá fi ṣíbí bọ odindi sí wa lẹ́nu.
Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń bá Leida ṣọ̀rẹ́,
n ò tíì mọ ohun tí Leida dúró fún.
Ó máa ń jí èèpo búrẹ́dì mi jẹ.
Ó máa ń kọrin tí kò mọ̀.

Lójú ọ̀nà ni mo ṣàlàyé ti Tíṣà fún un,
pẹ̀lú ẹ̀gàn díẹ̀, mo gbà.
Ó dákẹ́ títí a fi dé òkè adágún tiwa,
níbi táwọn ọmọdé ti ń yọ̀ lórí yìnyín.
"Ìgbàgbé," ló wí. "Ọkùnrin yẹn mà gbìyànjú o.
Jẹ́ ká padà lọ lọ́la,
kí n fojú tirẹ̀ wò ó náà."

Ibẹ̀ ń yọ̀. Ó di etí ìborùn mi mú,
mo ṣíwájú, ó ń tẹ̀ lé mi.
"Àwọ̀ wo lèyí?" ó béèrè.
Ìborùn àwọ̀ eérú ni, ó ti pẹ́.
Mo ní, "Pupa."