Gìtá Tí Kò Lórí

Ní ṣọ́ọ̀bù Raimo, ní Oulu, láàárín yìnyín,
gìtá oníná kan rọ̀ mọ́ ògiri:
irin lọrùn rẹ̀, kò sì lórí.

Tuulikki fọwọ́ kàn án, ó fà á padà:
"Ó tutù ju ìkíni ìyá ọkọ mi lọ."
Bàbá Kalervo ṣí fìlà,
ó fi ń wá orí fún un, kò rí.
Èmi ní ó jọ páìpù omi.

Eetu ò fọhùn.
Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó di ọrùn náà mú
títí irin fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn,
ó wá ta okùn kan ṣoṣo.
Ohùn náà gùn. Raimo pa rédíò.

Èló ni?
Ọmọ náà kó owó bọ́ọ̀sì rẹ̀ sórí káńtà,
ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.