Nọ́ńbà Keje

Èmi ni mo ń tẹ̀wé ní kóòtù Òkè-Ẹ̀dá, l'Ákùúrẹ́.
Ọdún kọkànlélógún rèé tí ìka mi ti ń sáré tẹ̀lé ẹnu ẹlẹ́nu.
Mo ti tẹ ẹjọ́ ilẹ̀, mo ti tẹ ẹjọ́ gbèsè,
mo ti tẹ ẹjọ́ ewúrẹ́ tó jẹ gbágùúdá onígbàgùúdá,
n kò sì bá wọn sunkún rí.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni ìwé Akínsọ̀wọ́n dé iwájú mi,
gbogbo ohun tó ń bèèrè lọ́wọ́ ìyàwó tó kọ̀ ọ́:
fíríìjì kan, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti wọ́;
jẹnẹrétọ̀ kan;
àbọ̀ pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ ní ọ̀nà Ìjù;
àpò kòkó mẹ́rìnlá tí àna rẹ̀ kó pa mọ́ sí Ìdànrè;
alùpùpù;
bẹ́ẹ̀dì onígi.
Nọ́ńbà keje: Ọlápéjú, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá.
Nọ́ńbà kẹjọ: àga oníke mẹ́fà.

Mo tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ mi ni.
Orí àga oníke ni mo dé
kí ojú mi tó padà gòkè.

"Ta ló ni ọmọ?" Lọ́yà kan ń pariwo.
"Láti ìwáṣẹ̀, bàbá ló ni ọmọ!"
Èkejì fò dìde: "Ẹ̀yìn ta ló sùn sí?"
Wọ́n ń fà á bí okùn ẹran ọdún,
ọmọ sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tólẹ̀,
bàtà kan ń mì lórí ọmọ ìka.

Adájọ́ Adégoróyè bọ́ awò ojú rẹ̀.
Ó ní kí n gbé Ìwé Òfin ilẹ̀ wa wá,
èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ já, tí a fi sẹ́lótéèpù dì.
Ó kà á jẹ́jẹ́: olúkúlùkù ènìyàn
ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀wọ̀ àti iyì ara rẹ̀.
Ó gbójú sókè.
"Níbo ni wọ́n ti ní kí a kọ́kọ́ fi ọ̀pá wọn ènìyàn?
Ọmọ ọdún mélòó ló ń di ènìyàn, lọ́yà?"
Fáànù nìkan ló fèsì.

Wọ́n ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.
Ẹ wá wo àkísà Ọlápéjú:
Ìjọ̀mù, oṣù mẹ́fà;
Òǹdó lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ọdún kan;
yàrá kan ní Ìsìnkàn, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri.
Yunifọ́ọ̀mù mẹ́ta, àwọ̀ mẹ́ta,
kò gbó ọ̀kankan.

Nínú yàrá adájọ́, àwa mẹ́ta péré,
a kò bi í pé ta lo fẹ́ràn jù.
Adájọ́ ní ọ̀bẹ nìyẹn, a kì í fi í lé ọmọdé lọ́wọ́.
Ó ní: "Kí lo fẹ́ kí á mọ̀?"

"Kí wọ́n máa sọ fún mi kí wọ́n tó kó ẹrù mi.
Mo máa ń ti ilé ìwé dé, mo máa bá báàgì mi lẹ́nu ọ̀nà.
Kí àbúrò mi máa sùn níbi tí mo bá ń sùn,
ẹ̀rù òjò máa ń bà á.
Bàbá mi mọ ìṣirò. Màámi mọ oògùn ikọ́ fée mi."
Ó dákẹ́. "Ṣé ẹ ń kọ ọ́?"

Mo ní mò ń kọ ọ́.
Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó wá wò ó fúnra rẹ̀,
ó fìka kan gíláàsì kọ̀ǹpútà mi.
"Bàbá, ojo lẹ kọ síbí.
Àbúrò mi kì í ṣe ojo.
Òjò ni mo wí."

Ọdún kọkànlélógún, n kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni rí,
kò sì sẹ́ni tó bi mí.
Adájọ́ ti sún ìdájọ́ sí oṣù tó ń bọ̀, ó ti ń kó ìwé rẹ̀,
èmi ṣì ń wá ibi tí wọ́n fi àmì pa mọ́ sí lórí kíbọ́ọ̀dù,
ọmọ náà dúró tì mí, ó ń mí fée, fée,
títí mo fi rí i.