Ó Kù Dẹ̀dẹ̀

Bùsàrí ní kò ní kọjá oṣù kẹsàn-án.
Ó fi abẹ tọ́ka sí ojú sánmà,
orí oníbàárà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fá ẹ̀gbẹ́ kan, ó kù kan.
"Ìwọ ṣáà wo bí wọ́n ṣe ń bí kámẹ́rà yìí.
Àkọ́bí dé, ọdún mẹ́ta gbáko kí àbúrò tó tẹ̀lé e.
Ìkejì já lẹ́nu ọmú, ọdún méjì ààbọ̀, ìkẹta dé.
Ìyá kan náà ni, kì í yẹ̀ lórí òǹkà rẹ̀.
Àbí o ò rí i pé ikùn ti yọ?"

Èmi náà ń kà á lórí ìka
bí a ti ń wá oṣù ààwẹ̀ létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́,
tí gbogbo Òkè-Balógun á na ọrùn lálẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n,
tí ẹnì kan á ní òun rí i, tín-ín-rín bí èékánná,
tí ẹnì kejì á ní kùrukùru ni,
tí a ó sì sùn láìmọ̀ bóyá sààrì wà.

Èyí tó wà lọ́rùn mi, bọ́tìnì rẹ̀ ti bọ́,
rọ́bà ìdè owó ni mo fi há a.
Bí oòrùn bá ti ń rẹ̀yìn báyìí,
á bẹ̀rẹ̀ sí í da iyanrìn sójú gbogbo ènìyàn.

Kúdí alájọ bi mí: ìgbà wo lo fẹ́ kó owó rẹ?
Mo ní: tó bá dé.
Ìgbà wo ló ń dé?
Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rín.
Ṣùgbọ́n bí mo bá ra ìkẹta lónìí, tí ìkẹrin yọjú lọ́la ńkọ́?
Bí mo bá sì dúró de ìkẹrin,
ta ló mọ̀ bóyá ìkarùn-ún ti ń tàpá nínú?

Oṣù tó kọjá ni Ṣàdíkù káfíńtà ọkọ̀ wá bá mi,
ìyẹ̀fun pákó nínú irun etí rẹ̀.
Ó ní ọkọ̀ òun ti parí, ọ̀dà rẹ̀ ti gbẹ,
funfun nísàlẹ̀, àwọ̀ ewé lókè,
orúkọ ìyá òun ni òun kọ síwájú rẹ̀.
"Wá yà á kó tó kan omi.
Ọkọ̀ tí kò tíì kan omi, ẹ̀ẹ̀kan là ń rí i."
Mo ní: ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀.
Ó ní: díẹ̀ mélòó?
Mo wo Bùsàrí. Bùsàrí wo sánmà.

Òjò ọjọ́ Àlàmísì lé ọ̀sà wọ abẹ́ àtíbàbà.
Àwọn apẹja tó ni ín san owó tó kù,
ọkùnrin mẹ́rìnlá gbé e, wọ́n ń ké "ó di hẹ́ẹ̀!"
Ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ti gbọ́ igbe náà.
Mo sáré. Rọ́bà já lójú ọ̀nà,
mo fi àtàǹpàkò di ihò rẹ̀ mú.
Nígbà tí mo fi dé Olúwo,
ìdí ọkọ̀ ni mo bá, àti ẹ̀yìn àwọn atukọ̀,
àti Ṣàdíkù nínú omi tó mù ún dé orúnkún,
àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì là sílẹ̀
bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́.
Mo tẹ̀ ẹ́. Òun ni mo yà.
Iyanrìn bo gbogbo ojú rẹ̀.

Ó sanwó. Kò bú mi.
Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ ní ńlá,
kí n má sì fọ iyanrìn yẹn kúrò.

Lánàá, Bùsàrí ní ó ti di oṣù kọkànlá.
Mo ní: ṣé ó dá ọ lójú?
Ó ní: ikùn yẹn ti sọ̀ wálẹ̀, ó kù dẹ̀dẹ̀.
Mo gba ọjà lọ, mo ra rọ́bà ìdè owó,
odindi páálí kan.