Ẹ̀kán Kan ní Ojú Ìwé Kẹsàn-án

Ní Tartu, odò Emajõgi ti dì gbagidi,
àwọn ọmọdé ń sáré lórí rẹ̀ bí ẹni wà nílẹ̀.
Lókè ilé oníbúrẹ́dì, Helve Raudsik
ń da ìwé orin olóògbé kọ.
Joosep Kallaste kú lóṣù tó kọjá,
ó fi gbèsè sílẹ̀, ó fi ìyàwó sílẹ̀,
ó fi orin ẹlẹ́ni mẹ́rin kan sílẹ̀
tí ìkọ̀wé rẹ̀ rí bí ibi tí adìyẹ ti tan ilẹ̀.

Helve mọ ọwọ́ ọkùnrin náà. Ogún ọdún ló fi kà á.
Ó mọ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ kọrọdọ,
tó fi ń pọn ohùn méje sẹ́yìn èémí kan ṣoṣo.
Ó mọ àmì tó ń là díẹ̀díẹ̀ bí ẹnu ọ̀nì,
àti ojú kan ṣoṣo lábẹ́ ìpéǹpéjú:
ẹ dúró níbí, mi ò ní sọ ìgbà tí ẹ máa lọ.
Bí Joosep bá sì kọ p mẹ́ta tẹ̀léra,
èdè tèmi ti túmọ̀ rẹ̀ kí n tó béèrè:
pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́,
bí ẹni ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kán yìí.
Ojú ìwé kẹsàn-án, lórí ohùn ṣẹ́lò.
Bó bá jẹ́ àmì, kí wọ́n gé ohùn náà,
kó ta pá bí àgbàdo inú iná.
Bó bá jẹ́ tàdáwà ló jábọ́,
kó máa lọ, kó máa lọ, títí ọwọ́ á fi ro.

Osvald tó ń ta ṣẹ́lò ní, “Gé e.
Joosep kì í fi tàdáwà ṣòfò.”
Leontine opó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀.
“Ọkọ mi? A máa sùn lọ tòun ti kálámù lọ́wọ́.
Ẹ wá wo aṣọ orí tábìlì mi.”

Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín.
Nínú ìwé tèmi náà, ẹ̀kán kan lábẹ́ lẹ́tà
ló wà láàárín ohun tó pé
àti ohun tó pẹ́.

Helve gbé ìwé náà síta fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ yìnyín là á kọjá.
Kò rí nǹkan kan.
Ó da ẹ̀kán náà kọ bó ṣe wà, kò tóbi jù, kò kéré jù,
ó fi pẹ́ńsù kọ àmì ìbéèrè sí i létí,
ó tún fi rọ́bà pa á rẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ eré, Osvald dé ibẹ̀.
Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ kúrò kíá, bó ṣe sọ;
ṣùgbọ́n okùn náà ò gbọ́, ó ń hùn nìṣó
nínú gbọ̀ngàn tútù yẹn,
ẹnikẹ́ni ò sì wúkọ́.
Leontine ń fi àtàǹpàkò pa yẹ̀rì rẹ̀ lójú kan,
bí ẹni rí àbàwọ́n.