Èémí Òwú

Òwú ni wọ́n ń pè é, òwú tí ń bẹ lóko,
kì í ṣe Òwu tó lọ́ba: ará Òkè Àgọ́ Òwu, ẹ má bínú.
Ehoro ọmọ ọmọ mi ni, funfun nẹ́nẹ́,
etí kan nàró, èkejì wó bí ògiri ajigbèsè.
Kí Fẹhíntọ́lá tó padà síléèwé ló gbé e lé mi lọ́wọ́:
"Bàbá àgbà, ẹ má jẹ́ kó dá wà."
Èmi tí mo ti dá wà lọ́dún kẹta.

Ọyẹ́ wọ Ìtòkò láìkí ẹnikẹ́ni.
Ó kun páànù, ó kun ewé ìbẹ́pẹ,
òórùn sódà ń ti ìkòkò aró Ìyá Abọ́sẹ̀dé
fo ògiri wá bá wa jókòó ní pálọ̀.
Òwú sín lẹ́ẹ̀kan, mo ní, "Pẹ̀lẹ́."
Nígbà tó sín lẹ́ẹ̀keje, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́.
Kí ilẹ̀ tó ṣú, ikun ti lẹ irun ọwọ́ rẹ̀ pọ̀,
níbi tó ti ń nu imú bí ọmọ iléèwé tó gbàgbé áńkáṣíìfù.
Ìhà rẹ̀ ń wú, ó ń fọ̀, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ tó ya.
Ewé ọ̀dùnkún wà níwájú rẹ̀,
ó ń wò ó bí ẹni ń wo fọ́tò.

Nínú mọ́tò Alabàtà, awakọ̀ yọjú wo inú páálí:
"Bàbá, owó mọ́tò yìí ì bá ra ata àti àlùbọ́sà."
Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀,
ìka mi wà lẹ́nu ihò tí mo dá sí páálí,
mo ń wá atẹ́gùn rẹ̀.

Dókítà Ṣóyọmbọ̀, ọmọbìnrin tí mo lè bí,
fi irin tútù gbọ́ ohun tí àyà ń sọ.
Ó ní, "Bàbá, ehoro kì í fẹnu mí bíi tiwa.
Imú ni ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ní."
Ó ní kí n fi aṣọ olómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ú,
kí n máa pààrọ̀ ibùsùn rẹ̀ kí ìtọ̀ má baà ta á nímú.
"Róòbù tó wà lápò yín yẹn, ẹ dá a padà sílé."
Báwo ló ṣe mọ̀?
Ó fún mi lóògùn tí n ó máa fi síríǹjì kán sí i lẹ́nu,
ó wá bi mí bí mo bá rí ẹ̀rọ
tí àwọn oníkọ́-fée fi ń fa ìkùukùu omi iyọ̀.
Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Ó wà."

Ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù.
Gèlè Ìbídùn ni àbúrò rẹ̀ fi dì í
lọ́jọ́ tí kò wúlò fún un mọ́.
Ìdì náà le. Eyín ni mo fi tú u.
Mo fọ páìpù lẹ́ẹ̀mẹta, mo bu omi iyọ̀ sí i,
mo gbé Òwú sínú páálí, mo faṣọ bo ìdajì.
Ẹ̀rọ dún: hùùù.
Ohùn tí mo fi sùn fún ọdún mẹ́sàn-án.
Ìkùukùu kún páálí bí òwúrọ̀ lórí odò Ògùn.
Ni iná bá lọ.

Mo ti bá Ìyá Abọ́sẹ̀dé jà ní Tọ́sìdeè nítorí sódà.
Mo ṣì lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́.
Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́bàá títì,
ó na wáyà gba orí ògiri,
ó sì fi ọmọrí dé ìkòkò aró.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń ka èémí.
Mo ti ka ti ẹlòmíì rí, mo kà á títí ó fi tán.
Ti Òwú yìí, mo ṣì í kà, mo tún bẹ̀rẹ̀.
Nígbà tí àkùkọ kọ lẹ́yìn àpáta,
imú kékeré náà mì.

Fẹhíntọ́lá pè láàárọ̀. Mo ní ó ti jẹ ewé.
"Ewé mélòó?"
Ọ̀kan, mo ní. Mi ò lè pè é ní méjì.