Ilẹ̀ Tó Yó Jù

Ní Drenthe, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ,
tí iyanrìn rẹ̀ funfun, tí kò ní kọ́bọ̀ lápò,
igi óákù wa kò fi ọrọ̀ dàgbà.
Ebi ló bá a wá ọ̀rẹ́.

Gbòǹgbò rẹ̀ na ọmọ ìka sínú òkùnkùn,
olú sì wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un,
ìbọ̀sẹ̀ olówùú, tí fọ́nrán rẹ̀ tún sá lọ
sábẹ́ òkúta, sínú ewé jíjẹrà,
síbi tí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ kò lè ki orí bọ̀.
Ó ń ṣa fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bí ẹni ń ṣa ìrẹsì nínú iyanrìn,
ó ń ṣa náítírójìn, ó ń gbé e bọ̀ wálé.
Igi á wo oòrùn lókè, á se ṣúgà,
á bu tirẹ̀ sílẹ̀ dè é.
Kò sí ìwé àdéhùn. Kò sí ẹlẹ́rìí.
Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀
kí ẹnikẹ́ni tó fi bíríkì àkọ́kọ́ lélẹ̀ lábúlé wa.

Ìyá mi, Geesje, mọ ibi tí àdéhùn yẹn ti máa ń yọjú síta:
lóṣù kẹjọ, lẹ́yìn òjò,
olú tó pọ́n bí inú ẹyin, tó ń ta sánsán bí èso gbígbẹ.
Á kó o kún épúrọ́ọ̀nì, bọ́tà á máa ta nínú páànù.
Kò júwe ibẹ̀ fún aládùúgbò kankan rí.

Bàbá mi, Jantinus, kì í ṣe ènìyàn burúkú.
Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́.
Màlúù mẹ́rìnlá tó jogún ló di ogóje.
Ìgbẹ́ wọn kún kòtò,
òórùn rẹ̀ gun afẹ́fẹ́, ó bá òjò wọ inú igbó
láìkanlẹ̀kùn.
Náítírójìn ọ̀fẹ́! Lórí ewé, lórí koríko,
lórí ibojì ìyá mi.

Kí ni ẹni tó ń jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ tún ń wá lọ́dọ̀ oníṣòwò?
Óákù ká ọwọ́ kò, ó dá ṣúgà dúró.
Kò bínú. Kò jà. Ó kàn yó.
Ìbọ̀sẹ̀ tú lẹ́sẹ̀ gbòǹgbò, fọ́nrán kan, fọ́nrán kan.
Àwọn olú tó mọ ọ̀nà jíjìn ló kọ́kọ́ lọ;
àwọn tó kù ni àwọn tí kì í rìn jìnnà, tí àjẹkù tó.
Ọdún tí òjò kọ̀, igi wá ọwọ́ tí yóò bá a fa omi.
Ewé rẹ̀ ti pọ́n lóṣù keje.

Èmi Roelfien, mo ń gún irin sínú ilẹ̀,
mo ń ka orí gbòǹgbò lábẹ́ awò.
Owó wàrà ló rán mi lọ síbi tí mo ti kọ́
orúkọ ohun tí wàrà ń ṣe.
Mi ò tíì mọ bí ènìyàn ṣe ń sọ irú ìyẹn nídìí oúnjẹ.

Lọ́dún tó kọjá a kó ewé, a ha orí ilẹ̀
títí iyanrìn fi yọ eyín.
Ẹnìkan dúró lórí kẹ̀kẹ́: "Ṣé ẹ fẹ́ sọ ilẹ̀ di tálákà ni?"
Bẹ́ẹ̀ ni.
Kí ó lè rántí ẹni tó bá a jẹ ìyà.

Bàbá mi wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀.
Kò sọ̀rọ̀ màlúù.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan iyanrìn tútù,
ó ní, "Mélòó lo rí?"
Mo ní, "Kò tíì sí."
Ó ní páànù ìyá mi ṣì wà lórí ìṣó,
òun kò tíì fi din nǹkan mìíràn.