Ìwé Tí A Ó Fi Kọ́ Ìbílọlá

Ìwé mẹ́ta ló wà lórí tábìlì ìjẹun.
Mo ti nu orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí epo má baà ta sí wọn,
torí méjì nínú wọn kì í ṣe tèmi, n kò tíì sanwó.
Sáà tuntun ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Àwọn ọmọ àdúgbò ní Ọ̀kẹ̀ṣà ti ń wọn yunifọ́ọ̀mù wò;
tiwa kò ní yunifọ́ọ̀mù, ilé náà ni ilé ìwé,
èmi ni tíṣà, èmi ni agogo,
èmi náà ni mo tún ń se ẹ̀wà ọ̀sán.

Ìbílọlá pé ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́.
Ẹnu rẹ̀ ń da ìtàn bí ẹ̀rọ omi tí kò ṣe é tì mọ́,
ṣùgbọ́n ẹ fún un ní bírò,
gbólóhùn mẹ́rin, ó ti dìde:
Mo lọ sí oko. Oko dára. Mo jẹ àgbàdo. Mo padà sílé.
Ọmọ tó sọ fún mi lójú ọ̀nà
pé àgbàdo tútù ń sunkún wàrà lábẹ́ eyín òun!

Ìwé kìíní wọ́n, èèpo rẹ̀ ń dán.
Ó ní gbogbo àròkọ gbọ́dọ̀ ní orí, kó ní ikùn, kó ní ìrù.
Mo rántí ẹja orí àtẹ:
orí ń bẹ, ìrù ń bẹ,
kò lúwẹ̀ẹ́ mọ́.
Èkejì ní kí ọmọ máa da ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kọ
títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ̀nà.
Ẹ̀kẹta, Ìyá Tìjésù ló yá mi,
òun náà ń kọ́ ọmọ tirẹ̀ nílé ní Ìmọ̀.
Ó ní, "Fi í sílẹ̀, kó kọ ohun tó bá wù ú."
Ọmọ tirẹ̀ ti kọ ogójì ojú ìwé nípa ológbò kan
láìsí àmì ìdánudúró kan ṣoṣo.
Mo kà á dé ojú ìwé kẹta,
mo wá afẹ́fẹ́ lọ sójú fèrèsé.

Bàbá rẹ̀ pè láti ibi iṣẹ́, ní Ọ̀fà:
"Èyí tó bá lówó pọ́ọ́kú ni kó o rà."
Mo ní mo ti gbọ́.

Alẹ́ ni wọ́n mú iná lọ.
Ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ wá àbẹ́là,
ó pẹ́, ó pẹ́,
ó gbé ìwé kan jáde tí ikán ti tọ́ etí rẹ̀ wò:
ìwé gbèsè Bàbá Àríyìbí, bàbá bàbá mi,
òṣómàáló tó fi ẹsẹ̀ gbé aṣọ dé Ìkàrẹ́,
tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi yọjú.
Bàbá kò jókòó ní kíláàsì rí.

Ìbílọlá kà á sókè:
Ìyàwó alágbẹ̀dẹ Ọ̀wọ̀, ọ̀pá mẹ́ta, aláró. Ó ní bí kòkó bá já.
Ọ̀gbẹ́ni ojú kan, ọ̀pá kan. Irọ́ ló ń pa.
Ìyá kékeré Ìpetu, ọ̀pá méjì, funfun. Ọmọ rẹ̀ kú. N kò béèrè mọ́.

Ó dákẹ́. Ó tún èyí tó gbẹ̀yìn kà.
"Màámi, tèmi náà kúrú bẹ́ẹ̀.
Kí ló dé tí tirẹ̀ dùn, tó sì tún ń dùn mí?"

Ìdáhùn wà nínú ìwé dídán, mo ti rí i,
wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí pupa.
N kò ṣí i.
Mo na bírò sí i.
Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga,
ó lóṣòó síwájú ìwé òfìfo
bí ẹni pé ó jẹ ẹ́ lówó.
Àbẹ́là dé ìdajì kó tó nà án sí mi:

Mo lọ sí oko. Àgbàdo ìyá àgbà kò tíì gbó. Mo jẹ ẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ mo ra ìwé kejì, nítorí sípẹ́lì.
Òun ló lówó pọ́ọ́kú.
Bàbá rẹ̀ rò pé tòun ni mo gbọ́.